Ẹ̀rọ Atọ́nà Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Amúyára

Ó máa ń bí mi nínú bí mo bá rí i tí wọ́n kọ "ẹ̀rọ amúyára íntánẹ́ẹ̀tì" níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ráútà sí. Ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni, irọ́ náà sì ń ná àwọn èèyàn lówó. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀rọ amúyára ni, bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ bá ti ń fà, tuntun ló máa lọ rà. Á gbé e délé, á so ó pọ̀, ìyà àná ni yóò sì máa jẹ lọ. Ráútà kì í mú nǹkan kan yára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba dátà tó wọlé láti ìta, kó wo ẹni tó ni ín, kó sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n tó béèrè fún un. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà là ń pè ní atọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ẹ̀rọ atọ́nà, ibẹ̀ ni mo sì dúró sí.

Àwọn mìíràn fara mọ́ "apín-íntánẹ́ẹ̀tì". Ìyẹn sàn díẹ̀, torí ó kúkú ń pín in. Àmọ́ ẹni tó ń pín nǹkan lè pín in bó ṣe wù ú. Atọ́nà ní láti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Fídíò tí ọmọ ń wò ní yàrá kò gbọdọ̀ já sórí fóònù bàbá rẹ̀ ní pálọ̀. Èyí tó wá burú jù ni kí a máa pe gbogbo rẹ̀ ní "Wáì-fáì". Wáì-fáì ni ìgbì orí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ẹ̀rọ atọ́nà àti fóònù yín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní "Wáì-fáì mi ò yá" lè jẹ́ pé òpó nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò ló ń bá wí láìmọ̀. "Ráútà" fúnra rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bí ẹ bá dé Computer Village n'Ìkẹjà, ráútà ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ará ilé ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wo òde ìnáwó. Alásè wà lẹ́yìn ilé, àlejò wà lábẹ́ kánópì, agbóúnjẹ wà láàárín wọn. Bí ìrẹsì kò bá tíì jinná, ẹ pààrọ̀ agbóúnjẹ títí, àwo kò ní tètè dé. Bí ìrẹsì bá sì kún ìkòkò, tí àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ṣì ń kùn, a jẹ́ pé agbóúnjẹ ni kò ráyè kọjá láàárín onílù àtàwọn tó ń náwó fún wọn. Alásè ni nẹ́tíwọ̀kì ìta, agbóúnjẹ ni ẹ̀rọ atọ́nà inú ilé. Ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó wà nílẹ̀ kò le. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ atọ́nà, ẹ ṣí fast.com, ìkànnì tó ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ iye tó bá gbé jáde sílẹ̀. Ẹ yọ wáyà, ẹ lọ sí yàrá tí ẹ ti máa ń ráhùn, kí ẹ tún un wò. Bí ti wáyà bá jẹ́ 40 tí ti yàrá jẹ́ 6, inú ilé ni ẹjọ́ wà. Bí méjèèjì bá jẹ́ 6, ìta ni. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iye yẹn o, kì í ṣe MB (mẹ́gábáìtì) tí wọ́n fi ń wọn fáìlì. Ẹ fi 8 pín in kí ẹ tó fi wé ìwọ̀n fáìlì.

Tó bá jẹ́ inú ilé, ibi tí ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri kọjá dáadáa, àmọ́ kò yára, gbogbo aládùúgbò ló sì wà lórí rẹ̀, títí kan máíkírówéèfù. Ti 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti pa á. Ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn yín. AC1200 kì í ṣe 1200 tó máa wọ fóònù yín: wọ́n ro 300 ti 2.4 GHz pọ̀ mọ́ 867 ti 5 GHz ni, wọ́n wá sọ ọ́ di odindi.

Tó bá jẹ́ ìta, tí ẹ sì ń lo èyí tó ń gba SIM bí ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ ṣí ojú ewé ètò rẹ̀ nípasẹ̀ àdírẹ́sì tó wà lára sítíkà abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá RSRP, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára ìgbì láti òpó ṣe tó. Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dára tó: -80 dára gan-an, -110 kò sunwọ̀n. Ẹ máa gbé e láti fèrèsé kan dé èkejì, ẹ dúró díẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń yí. Fèrèsé tó kọjú sí òpó ló sábà máa ń borí. Bó bá wá dára ní ọ̀sán tó ń kú ní alẹ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó yẹn. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, kò sí ẹ̀rọ atọ́nà tó lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ìṣòro tó kù ni pé fèrèsé tó dára fún òpó lè jìnnà sí àárín ilé. Àwọn ọlọ́jà á ní kí ẹ ra èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi na Wáì-fáì gùn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo ìgbì kan náà láti gba dátà àti láti fi ránṣẹ́, nítorí náà wọ́n lè dín ìyára kù tó ìdajì. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat5e ni kí ẹ fà láti fèrèsé wá sí àárín ilé, kí ẹ fi ẹ̀rọ atọ́nà kejì sí ìdí rẹ̀. Kò sí ilé gbígbé tí wáyà yẹn kò ní tó, torí mítà 100 ló lè nà dé, 1000 Mbps ló sì lè gbé. Ẹ yẹ ihò tí ẹ ń kì í bọ̀ wò pẹ̀lú: lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, 100 Mbps ni òpin rẹ̀, iye yòówù kí ẹ máa san lóṣù.