Ta Ló Ń Ka Fáìlì Yín? Àlàyé lórí Ìlànà Àṣírí Adójútòfò Ìlera

Ní ọsibítù kan nílùú Ìbàdàn, mo jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, mò ń retí kí wọ́n pe nọ́ńbà mi. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì ń bá àwọn HMO, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó ìtọ́jú fún ọsibítù, sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fẹ́ gba kóòdù fún ìyá kan kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò fún un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ni nọ́ọ̀sì bá ń pariwo. Ó pe orúkọ ìyá náà, ó ka nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ó wá dárúkọ àìsàn tí dókítà kọ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹni tó wà lódì kejì ò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Àwa bí ogún la wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá náà fa etí gèlè rẹ̀ wá síwájú orí, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀. Mi ò ní dárúkọ àìsàn náà níbí. Ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n pè é lọ́jọ́ yẹn ti pọ̀ jù.

Kò sẹ́ni tó jí fáìlì ìyá yìí, nọ́ọ̀sì náà ò sì ní i lọ́kàn láti dójú tì í. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ó fẹ́ kí wọ́n tètè dá ìyá lóhùn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà láàárín aláìsàn àti dókítà ti di ohun tí ogún èèyàn gbé lọ sílé. Ọjọ́ yẹn ni mo délé tí mo fa ìwé tí HMO tèmi fún mi yọ, èyí tí mo ti buwọ́ lù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láìka ju ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ. Ìlànà àṣírí ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìwé ni, tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹni tí wọ́n lè fún, bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn, àti ohun tí ẹ̀yin náà lè béèrè. Orúkọ rẹ̀ lè ṣi èèyàn lọ́nà. Bí Yorùbá bá gbọ́ àṣírí, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. A máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Ẹni tó bá lọ dáfá, owó ló ń sọ̀rọ̀ sí wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo alára kì í gbọ́ ohun tó bá wá kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó balẹ̀. Ìwé adójútòfò ò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yín máa gbà jáde ló tò sílẹ̀, tó sì ní kí ẹ fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa owó, nítorí ibi tí owó bá gbà ni àkọsílẹ̀ ìlera yín ń gbà tẹ̀ lé e. Ní Nàìjíríà, HMO ló wà láàárín ẹni tó ń dáwó àti ọsibítù. Nínú ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, tí òfin 2022 wá fi sábẹ́ NHIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí adójútòfò ìlera, ẹ óò yan ọsibítù kan tí ẹ óò máa kọ́kọ́ lọ. HMO á máa san iye kan fún ọsibítù náà lóṣooṣù lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣàìsàn, ẹ ò ṣàìsàn. Tó bá jẹ́ ibà ni, wọn ò ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó kọ oògùn fún yín, ọ̀rọ̀ yín ò sì fi bẹ́ẹ̀ nídìí láti rìn jìnnà. Àmọ́ bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe síkáànù, tàbí tó fẹ́ fi yín ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì n'Íbàdàn, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. HMO gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ná, kóòdù sì ni ẹ̀rí pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Wọn ò lè fọwọ́ sí ohun tí wọn ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọsibítù fi máa ń sọ ohun tó ń ṣe yín fún wọn.

Lẹ́yìn ìtọ́jú ni bílì ń tẹ̀ lé e: ọjọ́ tí ẹ lọ, àìsàn tí wọ́n rí, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, oògùn àti iye rẹ̀. Akọ̀wé HMO á kà á, dókítà tó ń bá HMO ṣiṣẹ́ á wò ó bóyá ìtọ́jú náà bá àìsàn mu, ilé-iṣẹ́ tó ni ètò kọ̀ǹpútà tí bílì ń gbà kọjá á tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò lópin ọdún náà lè ṣí i. Kí oṣù tó parí, ohun tí ẹ bá dókítà sọ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gba ọwọ́ èèyàn méje tàbí mẹ́jọ kọjá. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ń ṣe àṣìṣe o. Bí wọn ò bá rí bílì, wọn ò ní lè sanwó, ẹni tó ń fi káàdì ẹlòmíràn gbàtọ́jú ò sì ní ṣeé mú.

Ibi tí mo ti ń gbaná jẹ ni ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń sanwó adójútòfò fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àwọn kan sì gbà pé ẹni tó sanwó ló lọ̀rọ̀. Níbí gan-an ni ọ̀nà owó àti ọ̀nà àkọsílẹ̀ ti gbọ́dọ̀ yà. HMO lè sọ fún ọ̀gá pé iye báyìí ni wọ́n ná lórí àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́dún yìí. Kò kàn án pé ọmọbìnrin tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó ń wá ọmọ, tàbí pé awakọ̀ wọn ń lo oògùn HIV. Fún HIV pàápàá, òfin 2014 tó dènà ìyàsọ́tọ̀ ò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ kọ́kọ́ lọ ṣàyẹ̀wò rẹ̀.

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti 2014 bákan náà, sọ ọ́ gbangba pé àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera ẹni tó wá gbàtọ́jú àti ìtọ́jú tí wọ́n fún un. Kódà, pé ó wà ní ọsibítù, àṣírí ni. Kò gbọ́dọ̀ jáde àfi bó bá yọ̀ǹda nínú ìwé, bí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, bó bá jẹ́ pé òbí ọmọdé tàbí alágbàtọ́ ẹni tí kò lè dá pinnu ló béèrè, tàbí bí fífi í pa mọ́ bá máa kó gbogbo ìlú sínú ewu ńlá. Òṣìṣẹ́ ìlera lè sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ mìíràn bí iṣẹ́ rẹ̀ bá béèrè fún un, tó sì jẹ́ fún àǹfààní aláìsàn. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yìí lórí ìyá tó wà ní Ìbàdàn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kí HMO gbọ́. Kò sí àǹfààní kankan fún un nínú pé kí èmi gbọ́. Ká ní nọ́ọ̀sì tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ni, tàbí tó gbé fóònù wọ yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kóòdù kan náà ni ì bá gbà.

Gbólóhùn tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mi kọ́kọ́ wá nínú ìlànà àṣírí ni ibi tí ilé-iṣẹ́ ti sọ pé àwọn lè fún “àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wa” ní àkọsílẹ̀ yín. Ta ni wọ́n? Ṣé láàbù tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni, àbí ẹni tó ń ta oògùn, tó fẹ́ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ polówó ọjà fún yín nítorí ó gbọ́ pé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà? Ìlànà tó dáa á sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, á sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Èyí tó bá fi ọ̀rọ̀ kan gbá gbogbo wọn jọ, àpò tí kò nídìí ni. Èmi máa ń fa ìlà sábẹ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, máa sì kọ ìbéèrè mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó buwọ́ lùwé.

Ìbéèrè náà tọ́ sí yín. Òfin Ìdáàbòbò Dátà, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ gba ìyọ̀ǹda yín, èdè tó yé èèyàn ni kí wọ́n fi béèrè, àti pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ sì lè gbà á padà lọ́jọ́ tó bá wù yín. Bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tó sì ṣeé ṣe kó pa àwọn tó ni ín lára, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà, létí láàárín wákàtí 72. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ní tèmi, èdè tó yé èèyàn fún ìyá alátà l'Ọ́jàa Bódìjà ni Yorùbá tí wọ́n kà sí i létí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó tó tẹ̀ka.

Àwọn ìlànà kan á sọ pé àwọn máa yọ orúkọ yín kúrò kí àwọn tó fi àkọsílẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Ó dáa, àmọ́ ẹ má fi ọkàn balẹ̀ jù. Ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1990 sí 1999, àjọ tó ń ṣètò adójútòfò fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi àkọsílẹ̀ ọsibítù wọn sílẹ̀ fún ìwádìí. Wọ́n ti yọ orúkọ, wọ́n fi ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà àdúgbò sílẹ̀. Latanya Sweeney, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì MIT nígbà náà, fi ogún dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge, níbi tí gómìnà, William Weld, ń gbé. Èèyàn mẹ́fà ló bá gómìnà pín ọjọ́ ìbí nínú ìwé náà. Mẹ́ta nínú wọn ni ọkùnrin. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò rẹ̀, òun gan-an ni. Bí ọmọbìnrin yìí ṣe mú àkọsílẹ̀ ìlera gómìnà jáde nìyẹn, láìfọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbé ní ìlú kékeré rí mọ ohun tí mò ń wí. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì kan bí ìbẹta ní abúlé wa lọ́dún tó kọjá, ta ni ò ní mọ ilé tí wọ́n ti ṣe ìkómọ?

Àwọn èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà mọ HIPAA, òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ìlera lọ́hùn-ún, dáadáa, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Òfin 1996 ni. Ìlànà àṣírí tó wà lábẹ́ rẹ̀ di dandan ní oṣù kẹrin ọdún 2003. Ìtọ́jú, owó sísan àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé-iṣẹ́ náà ò nílò kí ẹ buwọ́ lu nǹkan kan; ìpolówó ọjà nílò rẹ̀. Àmọ́ ipa owó kò yàtọ̀ lọ́hùn-ún. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ Change Healthcare, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé bílì láàárín ọsibítù àti adójútòfò. Àkọsílẹ̀ nǹkan bí 190 mílíọ̀nù èèyàn ló kàn. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà wọn ni wọ́n ti jí i. Ojú ọ̀nà ni.

Ẹ̀tọ́ kan tún wà nínú òfin 2023 tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, pé kí ẹ béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe bó bá wọ́. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí HMO mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi bébà mẹ́rin ránṣẹ́. Mo ń kà á lọ ni mo rí i pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, ibà ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Ká ní mo fẹ́ lọ ra adójútòfò níbòmíràn ni, àìsàn tí mi ò ní ni wọn ì bá fi dá owó lé mi.

Mo mú bébà náà lọ sí ọsibítù. Akọ̀wé wá fáìlì mi jáde, ó wo ìwé ọjọ́ náà títí, ó ní ó dà bíi pé ẹni tó ń kọ bílì da fáìlì méjì pọ̀. Ó tún tèmi ṣe lójú mi, ó sì fún mi ní lẹ́tà tí mo lè mú lọ fún HMO. Ìgbà tí mo dìde ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹlòmíràn ló ni ẹ̀jẹ̀ ríru náà, àti pé ó ṣeé ṣe kó má sí nínú ìwé tirẹ̀. Mo bi akọ̀wé bóyá wọ́n ti wá ẹni náà kàn. Ó ní òun ò lè dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mo ní kó má dárúkọ rẹ̀, kó sáà bá mi pè é.