Surge: agbára tí fìríìjì fi ń gbérù

Ẹ lọ dúró sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ óò rí ìyá tó fẹ́ gbé báàfù gàrí. Ó ti gbé òṣùká lé orí, ó ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò lè dá a gbé. Á ké sí ẹni tó ń kọjá lọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Onítọ̀hún á fọwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrù á jókòó sórí, ó parí. Láti ibẹ̀, ìyá á dá a rù dé Ìsìnkàn, á tiẹ̀ tún máa bá ẹnì kejì tàkúrọ̀sọ lọ́nà. Ẹrù náà kò fúyẹ́ sí i o. Gbígbé e kúrò nílẹ̀ ló gba agbára ẹni méjì. Rírù ú rìn, agbára ẹnì kan tó o.

Bí fìríìjì ṣe rí gan-an nìyẹn. Agbára ìgbérù yẹn ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ inverter ń pè ní surge. Mo fẹ́ là á yé yín dáadáa, torí òun ló wà nídìí ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi jù lọ: "Ẹnjiníà, inverter tí mo rà kò gbé fìríìjì mi."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ inverter. Ojú kan ni iná inú bátìrì ń kọ sí, kò sì lágbára púpọ̀: fóltì 12, tàbí 24, tàbí 48 tí ẹ bá so bátìrì pọ̀. Iná tí fìríìjì ilé wa ń jẹ jẹ́ fóltì 230, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inverter ló wà láàárín àwọn méjèèjì, tó ń sọ ti àkọ́kọ́ di ti èkejì.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn fìríìjì yín nísàlẹ̀. Ìkòkò dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dé pa. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ nìyẹn, mọ́tò sì wà nínú rẹ̀ tó ń ti gáàsì yípo inú páìpù. Nígbà tí mọ́tò yẹn bá dúró jẹ́ẹ́, wáyà bàbà lásán ni, kò sí ohun tó lè dá iná dúró, iná á ya wọ inú rẹ̀ gììrì. Tó bá ti ń yí, yíyí yẹn fúnra rẹ̀ á máa ti iná padà, ohun tó ń jẹ á sì wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fìríìjì tí wọ́n kọ wáàtì 110 sí lára fi lè béèrè ìlọ́po márùn-ún, mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi máa ń tán. Ẹ̀yin lè má mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rárá, àmọ́ inverter mọ̀.

Ìyá kan wà nítòsí FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, tó ń ta zobo, omi tútù àti ẹlẹ́rìndòdò nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Wọ́n ti yọ ìjókòó inú rẹ̀, wọ́n gé fèrèsé gbàràmù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ṣọ́ọ̀bù. Fìríìjì ilé rẹ̀ ló gbé síbẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó rí 110, ó sì ra inverter oníwáàtì 300. Ìṣirò tó bọ́gbọ́n mu ni: ó ju ìlọ́po méjì lọ. Síbẹ̀, fìríìjì kò ṣiṣẹ́. Gílóòbù inú rẹ̀ ń tàn, fóònù rẹ̀ ń gba iná, àmọ́ omi kò tutù. Ó ti sanwó fún ẹni tó wá fi gáàsì kún un kó tó ránṣẹ́ pè mí.

Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì náà, mo ní ká pa rédíò, mo fetí sílẹ̀. Thermostat, ìyẹn ohun tó ń sọ fún fìríìjì ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dún "tá". Gílóòbù ṣú. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kùn "hùùn" bí ẹni tó ń gbìyànjú àtidìde, inverter ké "píìì", ó pa ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún gbìyànjú. Mo ní, "Mọ́mì, kò sóhun tó ṣe fìríìjì yín. Ẹni tí yóò bá a gbérù ni kò ní." A gbé fìríìjì náà lọ sílé rẹ̀ níbi tí iná ọba wà, mo fi ẹnu mítà tí mo fi ń wọn iná há wáyà rẹ̀. Mítà mi máa ń di nọ́ńbà tó ga jù lọ mú. Áńpù, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó, ló ń kà: 5 àti díẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀ sí 0.7, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ fi 5 lọ́nà 230: ó ju 1,100 lọ. Inverter oníwáàtì 300 fẹ́ gbé ìyẹn báwo?

Nítorí náà, nọ́ńbà méjì ló yẹ kí ẹ béèrè nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra inverter: èyí tó lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń pè ní "continuous", àti èyí tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyẹn "surge" tàbí "peak". Ohun tó ń dùn mí ni pé lára ọ̀pọ̀ páálí, nọ́ńbà kejì ni wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, ti àkọ́kọ́ á wà lẹ́yìn ní lẹ́tà kóńkóló. Ẹ yí páálí náà padà. Tó bá jẹ́ KVA ni wọ́n kọ, ìyẹn fóltì lọ́nà áńpù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ máa fi 0.8 sọ ọ́ di wáàtì: 1 KVA jẹ́ 1,000, ẹ fi lọ́nà 0.8, á jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 800. Ẹ sì rí i dájú pé "pure sine wave" ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn ni iná wọn ń gbà lọ sókè sódò, dípò kó máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti iná ọba. Gílóòbù kò bìkítà, àmọ́ mọ́tò fìríìjì á máa kùn, á máa gbóná, kò sì ní pẹ́ láyé.

Kì í ṣe ìyá yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi mọ́tò fa ilé onítáyà kiri kì í sábà ní irú wàhálà yìí tẹ́lẹ̀, torí fìríìjì tó máa ń wà nínú ilé náà kò ní mọ́tò. Iná gáàsì ló ń se ammonia nínú páìpù rẹ̀ títí tí inú fìríìjì á fi tutù. Àwọn àgbà wa mọ irú rẹ̀: fìríìjì tó ń jo kẹrosíìnì, tó máa ń wà nílé àwọn míṣọ́nnárì. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló gbé e jáde ní 1922. Kò ní mọ́tò, kò sì ní surge. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í sì í yára tutù nígbà ooru. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi ń yọ ọ́ báyìí, tí wọ́n ń gbé fìríìjì ilé síbẹ̀, tí wọ́n ń fi inverter gbé e lójú ọ̀nà. Ohun tó dé bá ìyá wa nítòsí FUTA ń dé bá àwọn náà, àfi pé fóltì 120 ni tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ra fìríìjì tòkunbọ̀, ẹ yẹ nọ́ńbà yẹn wò kẹ́ ẹ tó ki í bọ iná.

Mo ra inverter 1 KVA fún ìyá yìí, surge rẹ̀ sì dé wáàtì 2,000. Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Wáyà tó ti bátìrì wá ló kù. Wáàtì 1,100 lórí fóltì 230 kò ju áńpù 5 lọ, ṣùgbọ́n láti inú bátìrì oní-12, ó lé ní áńpù 90 kí ẹ tó ka ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń fi ṣòfò. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá inverter kékeré wá ni wọ́n fi so ó. Nígbà tí fìríìjì tún gbìyànjú, mo fọwọ́ kan wáyà náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná ti rẹ̀ sójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ inverter, inverter á sì rò pé bátìrì ti kú, á ké. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tó ìka mi, tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, mo fi fíúsì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Kò sí ìnáwó tí àwọn èèyàn máa ń fẹ́ dín kù bíi ti wáyà yìí, òun ló sì lè dáná sun ilé.

Bí fìríìjì á ṣe pẹ́ tó lórí bátìrì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, surge kò sí níbẹ̀. Gbígbé ẹrù ti tán, rírìn ló kù. Nínú bọ́ọ̀sì onírin tí oòrùn ń pa, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́: wáàtì 110 lọ́nà wákàtí 12 jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,320. Inverter náà ń jẹ tirẹ̀, bíi wáàtì 15, kódà nígbà tí fìríìjì bá sinmi; fún wákàtí 24, ìyẹn 360 mìíràn. Bátìrì kan tó jẹ́ 12 fóltì, 200 Ah (ìyẹn áńpù lọ́nà wákàtí), ní 12 lọ́nà 200, tó jẹ́ 2,400, nínú lórí ìwé, àmọ́ bátìrì olómi kò yẹ kó lọ ju ìdajì lọ, bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ rí i pé kò lè gbé e láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. A ní kí sólà máa ràn án lọ́wọ́ lọ́sàn-án, kí ìyá náà fi ìgò omi kún fìríìjì kó dì, kó pa á lálẹ́, kó má ṣí i. Fìríìjì tó kún máa ń di òtútù mú ju èyí tó ṣófo lọ.

Ìbéèrè kan tún wà tí wọ́n máa ń bi mí: fìríìjì tí wọ́n lẹ "inverter" mọ́ lára ńkọ́? Kò ní bátìrì nínú o. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé mọ́tò rẹ̀ kì í fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yára, nítorí náà surge rẹ̀ kéré gan-an. Bí agbára yín bá ká a, òun ni kẹ́ ẹ rà.

Ọjọ́ tí a parí iṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, thermostat dún "tá", kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bá a lọ. Inverter kò ké. Inú ìyá dùn débi pé ó nawọ́ sí súwíìṣì, ó fẹ́ pa á kó tún tàn án, kó lè rí i lójú ara rẹ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú. Bí fìríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, gáàsì inú páìpù ṣì ń ti mọ́tò padà, bó bá tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹrù náà á wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ pa á, àmọ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún." Wọ́n pa á, wọ́n yọ fóònù wọn, wọ́n sì jókòó lórí kéréètì ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ń wo aago.