Òtútù Chicago inú fọ́tò yẹn: rékọ́ọ̀dù wo gan-an ló fọ́?

Lọ́dọọdún, tí oṣù kìíní bá ti ń lọ sópin, fọ́tò kan wà tí kì í ṣaláì dé orí fóònù mi: ojú irin rélùwéè ní Chicago, yìnyín funfun nílẹ̀, iná ń jó lálá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn kì í yí padà: "Ọjọ́ 30 oṣù kìíní 2019. Irú òtútù yìí ò wáyé rí láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá ayé." Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì fi tiwọn kún un: "Ẹ wá sọ fún mi pé ayé ń gbóná."

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti iná. Irin kọ́ ló ń jó. Metra, àwọn tó ń fi rélùwéè kó èrò wọ Chicago, máa ń tan gáàsì sí ibi tí ojú irin ti ń yà, kí yìnyín má baà há ibẹ̀ pa. Gbogbo ìgbà tí òtútù bá mú gan-an ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe irọ́. Tẹmómítà tó wà ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare wálẹ̀ dé máínọ́ọ̀sì 23 ní Fahrenheit, ìyẹn bíi máínọ́ọ̀sì 31 ní Celsius. Fahrenheit ni mo fi ka gbogbo nọ́ńbà òtútù tó kù nísàlẹ̀ yìí. Àwọn tó ń pín lẹ́tà ò jáde lọ́jọ́ náà. Rékọ́ọ̀dù sì fọ́ lóòótọ́. Èwo ni?

Ti ọjọ́ 30 oṣù kìíní ni. Wọ́n kó gbogbo ọjọ́ 30 oṣù kìíní tó wà nínú ìwé ní Chicago jọ, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti 2019 ló tutù jù nínú wọn. Ti 1966 ló wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀, máínọ́ọ̀sì 15. Ọjọ́ 29 ò bá wọn du nǹkan kan níbẹ̀, ọjọ́ 31 náà ò bá wọn dù ú. Òtútù tó mú jù tí Chicago tíì kọ sílẹ̀ ni ti ọjọ́ 20 oṣù kìíní 1985: máínọ́ọ̀sì 27. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí: kí 2019 tó dé, máínọ́ọ̀sì 16 péré ì bá ti gba ipò ọjọ́ 30, ṣùgbọ́n tí máínọ́ọ̀sì 26 bá bọ́ sí ọjọ́ 20, kò sẹ́ni tó máa pariwo rẹ̀.

Ní Rockford, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Chicago, rékọ́ọ̀dù gbogbo ìgbà fọ́ ní tòótọ́ lọ́jọ́ kejì: máínọ́ọ̀sì 31. Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá gbé wọ Chicago lọ́rùn.

Rékọ́ọ̀dù ọjọ́ kan ò wọ́n tó bí wọ́n ṣe ń pè é. Ká sọ pé àpótí 365 wà nílẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọdún 150 sì ń dù wọ́n. Tí ojú ọjọ́ ò bá yí padà rárá, ọdún kọ̀ọ̀kan á ṣì rí àpótí bíi méjì sí mẹ́ta jókòó lé. Òtútù kan ṣoṣo sì lè gba méjì, bí ti 2019 ṣe gba ọjọ́ 30 tó tún gba 31. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ayé ń gbóná, kó ka àpótí tí rékọ́ọ̀dù ooru ń gbà, kó fi wé iye tí ti òtútù ń gbà. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, ti ooru tó ìlọ́po méjì ti òtútù.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: níbo ni tẹmómítà yẹn wà? Tí ìwé bá kọ "Chicago", ẹ má rò pé ojú kan náà ni. Lákọ̀ọ́kọ́, àárín ìlú ló wà, nítòsí adágún Michigan. Ó dé University of Chicago, tí òun náà ò jìnnà sí omi. Ní 1942 wọ́n gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú Midway. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1980, ó di O'Hare, níta gbangba, ibi tó jìnnà sí omi. Omi adágún máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ilẹ̀ lọ nígbà òtútù, ògiri àárín ìlú náà sì máa ń tu ooru ọ̀sán jáde lálẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 1872, Chicago kọ máínọ́ọ̀sì 23 sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, 23 kan náà tí fọ́tò yẹn ń pè ní àkọ́kọ́ láyé. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò sí òtútù tó kọjá rẹ̀. Wọ́n wá gbé tẹmómítà dé O'Hare, kò ju ọdún méjì lọ, ọjọ́ 10 oṣù kìíní 1982 mú máínọ́ọ̀sì 26 wá. Ọdún mẹ́ta sí i, máínọ́ọ̀sì 27. Ẹ ò rí i bí òtútù ṣe mọ ọ̀nà ilé tuntun.

Ṣé ìlú ló tutù sí i ni, àbí tẹmómítà ló kó lọ síbi tó tutù? N kò ní lè búra. Nígbà tí òtútù ńlá bá ń bọ̀, ìhà ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń gbà wá, ó ń ti ooru adágún lọ sí òdì kejì, nítorí náà ìrànlọ́wọ́ omi fún àárín ìlú lè má tó nǹkan lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Òtútù 1985 náà kì í ṣe ti O'Hare nìkan, òun ló lé ìbúra Ààrẹ Reagan wọ inú ilé ní Washington. Mo kàn rò pé ibùdó tuntun yẹn ní ọwọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹni tó bá to 1872 pọ̀ mọ́ 2019 láìdárúkọ ibùdó ń fi òṣùwọ̀n méjì wọn gàrí.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ti atẹ́gùn rú yín lójú. Máínọ́ọ̀sì 52 tí wọ́n ń pín kiri nípa 2019, bí òtútù ṣe ń ṣe ara nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ni, tẹmómítà ò dé ibẹ̀. Wọ́n yí ìṣirò rẹ̀ padà ní 2001, nítorí náà ti 1985 tó wà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ ò ṣe é fi wé e.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Chicago ni mò ń bẹ̀rù fún. Wọ́n ti kọ́ wọn pé ọjọ́ rékọ́ọ̀dù ni òtútù ń pani, torí náà tí kò bá sí ariwo, wọ́n á fi fìlà sílẹ̀ sílé. Máínọ́ọ̀sì 5 pẹ̀lú atẹ́gùn ò lè dé inú ìwé rékọ́ọ̀dù kankan ní Chicago lóṣù kìíní, síbẹ̀ ó lè mú kí etí dì láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ẹ sì má tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì torí pé ẹ fẹ́ kó gbóná kẹ́ ẹ tó jáde. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ò ní òórùn tí ẹ máa fi mọ̀ pé ó ti ń ṣe yín.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa. Ọdún 2008 ni wọ́n dé Chicago. Wọ́n ní: "Mo ti gbọ́ o, àbúrò. Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀ ní 2019, mi ò rí irú ẹ̀ rí."