Rọ́bà Fáàfù Ni, Kì Í Ṣe Ayé

Ìsinmi iléèwé yìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, túbù kẹ̀kẹ́ ọmọdé mẹ́rin ni wọ́n ti gbé wá bá mi tó fàya bí aṣọ àlòkù. Ohun kan náà ni gbogbo àwọn òbí ń sọ: "Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, oòrùn ló bẹ́ ẹ." Oòrùn kọ́. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni wọ́n ti ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe Màrúwá. Ó ti pé ọdún 31 tí mo gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìkẹ́rẹ́, tí mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Adó-Èkìtì, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń pariwo pé ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá yẹn. Atẹ́gùn inú táńkì rẹ̀ máa ń ju 100 PSI lọ (PSI ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó), torí táyà mọ́tò àti ti tírélà ni wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀. Túbù ọmọdé tó jẹ́ ínṣì 16, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré gan-an. Kí fọkanáísà tó yíjú wo ẹni tó ń kí i, ó ti kún kọjá ààlà. Bí ìgbà tí ènìyàn fi páìpù panápaná rọ omi sínú ìgò oògùn ikọ́ ni. Lóòótọ́, oòrùn máa ń mú kí táyà le sí i: èyí tó wà ní 40 PSI láàárọ̀ lè di nǹkan bí 44 lọ́sàn-án gangan. Ìyẹn kò lè bẹ́ túbù tó pé. Èyí tí wọ́n ti fẹ́ dé 70 tẹ́lẹ̀ ni oòrùn kàn ń bá parí iṣẹ́.

Pọ́ǹpù ọwọ́ tó fún kẹ̀kẹ́. Bí ẹ ó ṣe tú ìdérí fáàfù, tí ẹ ó so ẹnu pọ́ǹpù mọ́ ọn, n kò ní fi ìyẹn fi àkókò ṣòfò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó máa ń wá jókòó lọ́dọ̀ mi mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹni tó bá ti rí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Ìdajì tó kù wà nínú awọ. Ẹ tú pọ́ǹpù yín wò: ẹ ó bá ọ̀pá irin kan níbẹ̀, ní ìdí ọ̀pá náà ni awọ kékeré kan wà tí wọ́n ṣe bí ife, tó dojú kọ ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá tì í wọlé, afẹ́fẹ́ á ṣí ètè ife náà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páìpù gbọn-in, kò ní rí ẹ̀yìn sá sí, àfi kó gba ẹnu fáàfù wọ túbù. Bí ẹ bá fà á padà, ètè á rọ̀, afẹ́fẹ́ tuntun á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sí iwájú. Ẹni tí kò bá fà á dé òkè, kí ló fẹ́ tì wọlé?

Àwọn ọ̀dọ́ wa á di pọ́ǹpù mú, wọ́n á máa ṣe é kíákíá, kúkúrú kúkúrú, bí ẹni ń gún ata. Iyán ni kí ẹ gún! Kí ọmọ odó lọ sókè dáadáa, kó sì balẹ̀ dé ìdí odó. Afẹ́fẹ́ inú pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ le ju ti inú táyà lọ kó tó lè wọlé. Bí táyà bá ti wà ní 45 PSI, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn pọ́ǹpù ni ẹ ó fi fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lásán. Ìdá kẹrin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń wọ táyà. Ẹni tó ń dúró lágbedeméjì, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fún tó ń tú, tó ń làágùn lé e lórí. Bí àyè afẹ́fẹ́ bá ṣe ń kéré sí i ló ń le sí i: Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti tẹ òfin yìí jáde láti ọdún 1662, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tó kún ilẹ̀ Èkìtì sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ lójú pátákó. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú yín gbé pọ́ǹpù wá bá mi pé ó ń gbóná, ó fẹ́ gbiná. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ á gbóná, sà. Ẹ máa fẹ́ táyà yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí awọ. Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú, awọ á gbẹ, á sún kì, ètè rẹ̀ kò ní kan ara páìpù mọ́. Pọ́ǹpù á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, á máa lọ á máa bọ̀ láìfẹ́ nǹkan kan, ẹ ó ní ó ti kú, ẹ ó lọ ra òmíràn. Kò kú. Ẹ yọ awọ náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú epo ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́jú, ẹ fi ọmọ ìka ya ètè rẹ̀ síta yípo, kí ẹ tó dá a padà. Pọ́ǹpù tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tíì pààrọ̀ awọ rẹ̀. Àwọn tuntun tó ń lo rọ́bà dípò awọ, ẹ má fi epo mọ́tò tàbí kẹrosíìnì kàn wọ́n, wíwú ni wọ́n máa wú. Obìnrin kan lo epo pupa. N kò ní sọ ohun tí mo bá nínú pọ́ǹpù yẹn.

Ó ku iye tí ẹ ó fẹ́ ẹ dé. Àtàǹpàkò kì í ṣe géèjì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. Ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ fẹ́ ẹ débẹ̀. Ti ọmọdé, 30 sí 40 PSI. Kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ ínṣì 26, 35 sí 50. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gíga ínṣì 28 tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, 45 sí 65, kí ẹ̀yìn sì le ju iwájú lọ bí ẹ bá di iṣu lé e. Wọ́n á tún bi mí pé mọ́tò ń lo 32, kí ni kẹ̀kẹ́ fẹ́ fi 50 ṣe? Táyà mọ́tò fẹ̀, mẹ́rin ló sì ń pín ẹrù náà. Ìwọ̀n ìka díẹ̀ ni táyà kẹ̀kẹ́ fi kanlẹ̀, gbogbo ara yín ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi táyà rírọ̀ gun òkè Ẹ̀fọ̀n á rò pé àyà òun ló ń dùn òun. Tó bá sì kó sí kòtò, ríìmù á fi túbù há ilẹ̀, á lu ihò méjì sí i bí eyín ejò, wọ́n á ní ìṣó ni.

Bí túbù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀ ná, ẹ yí i wò. Ibi tí táyà bá ti yọ sókè létí ríìmù, ibẹ̀ ni túbù máa gbà bẹ́.

Àwọn oníjìbìtì tó ń da ògì sínú túbù kó lè dí ihò, ọ̀rọ̀ wọn ti sú mi. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń fi dírílù fẹ ihò ríìmù kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kí fáàfù sísanra lè wọ̀ ọ́, wọ́n ní fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ ti kú. Nọ́ọ̀tì bíńtín ló wà lórí rẹ̀ tí wọn kò tú! Ẹ tú u sókè, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fẹ́ táyà yín.

Bàbá kan wà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá iléèwé kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Kẹ̀kẹ́ ínṣì 28 wọn, wọ́n á fẹ́ ẹ láàárọ̀, wọ́n á gùn ún títí dalẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́, táyà ẹ̀yìn á ti sùn sílẹ̀. Wọ́n fura sí aládùúgbò wọn, ọ̀rẹ́ àtiléèwé tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn. Wòlíì kan ní ayé ni, wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ ìgbésí ayé wọn jáde lóru. Ó fún wọn lómi tí wọ́n ń wọ́n sára táyà fún ọjọ́ méje. Oṣù mẹ́rin, bàbá yìí kò kí ọ̀rẹ́ wọn.

Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi nítorí bíréèkì. Mo tu itọ́ sórí fáàfù, ó ń hó. Fáàfù irú kẹ̀kẹ́ yẹn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi bo ihò inú rẹ̀: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á tì í sí ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ inú táyà á tẹ̀ ẹ́ padà dí ihò náà. Mo fà á yọ lójú wọn. Ó ti sán wẹ́wẹ́. Owó rọ́bà náà kò tó owó àkàrà.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì mi pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe pé wọ́n rán rọ́bà náà?" Mo ní, "Bàbá, ó gbó ni." Mo gé rọ́bà méjì fún wọn, mo ní kí wọ́n fi ọ̀kan ta ọ̀rẹ́ wọn lọ́rẹ, irú kẹ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ náà yọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n di nǹkan sínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ẹni tí kò kí àwọn láti oṣù mẹ́rin kàn wọlé wá láàárọ̀ àná, ó kí àwọn, ó gbé rọ́bà kan lé àwọn lọ́wọ́. Àwọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn wò ó bóyá oògùn kò sí nínú rẹ̀.