Oníṣègùn Ló Kọ́ Alásè Láti Máa Gbé Èròjà Sórí Ìwọ̀n

Ìwé ìdáná ní ká bu ife fùláwà kan. Alásè gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní gíráàmù 120 ni. Ta ló kọ́kọ́ rò ó pé ohun tí a fi ife bù ṣeé sọ di ìwúwo? Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn á ní àwọn ará Faransé ni. Àwọn kan á dárúkọ Fannie Farmer, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ìdáná. Èmi o, oníṣègùn ni mo gbé e fún, mi ò sì ní yí ohùn padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Íjíbítì. Wọ́n ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà, ṣùgbọ́n ní ti ọkà, inú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní hekat ni wọ́n ń bù ú sí, ó sì tó nǹkan bíi lítà 4.8. Nínú ìwé ìṣirò tí akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmose dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú Krísti, wọ́n ṣírò iye búrẹ́dì tó yẹ kó ti inú hekat ọkà kan jáde. Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣe irú ìṣirò yẹn á ti ṣàkíyèsí pé ọkà tí a kì mọ́lẹ̀ wúwo ju èyí tí a rọra dà lọ. Bóyá obìnrin kan tó ń lọ ọkà ló kọ́kọ́ rí i. Bóyá olówò kan tí wọ́n rẹ́ jẹ ni. Ọjà kì í pẹ́ kọ́ni lọ́gbọ́n.

Àwọn ará Róòmù ló wá fi òfin so òṣùwọ̀n mọ́ ìwọ̀n: òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní congius gba wáìnì tó wúwo tó pọ́n-ùn 10, èyí tí wọ́n ń pè ní amphora sì gba 80. Wáìnì nìyẹn o. Òróró ńkọ́? Ibí ni Galen ti wọlé, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Pergamon, ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, ní ọdún 129. Ìwo ẹran tí wọ́n fa ìlà sí lára ni wọ́n fi ń bu òróró ní Róòmù, ìlà méjìlá, wọ́n sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní áńsì, orúkọ kan náà tí wọ́n ń lò fún ìwúwo lórí ìwọ̀n. Ohun tó ń bí Galen nínú ni pé àwọn tó ń kọ ìwé oògùn á ní kí a fi áńsì òróró báyìí sí i, wọn ò ní sọ bóyá ti ìwo ni tàbí ti orí ìwọ̀n. Ó bá da òróró inú ìwo sórí ìwọ̀n: áńsì 12 ti ìwo di 10 péré. Bí a bá ń wá ìlà àkọ́kọ́ nínú tábìlì tó ń sọ ife di ìwúwo, èyí tí àwọn alásè ń lẹ̀ mọ́ ògiri, òun nìyẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbìyànjú. Lábẹ́ òfin búrẹ́dì wọn ti ọ̀rúndún 13, òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń ta ọkà, ṣùgbọ́n orí ìwọ̀n ni búrẹ́dì ń lọ. Bí ọkà bá wọ́n, iye owó ò yí, ìwúwo búrẹ́dì ló ń dín kù. Oníbúrẹ́dì tí tirẹ̀ bá fúyẹ́ jù, ìyà ń bẹ fún un. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń fi ẹyọ kan ṣe ènì lórí méjìlá nìyẹn. Ènì tí ẹ̀rù bí!

Ní ti Faransé, òfin wọn ti 1795 sọ gíráàmù di ìwúwo omi tó kún àyè sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Omi lásán. Ẹni bá fi ìyẹn ṣírò fùláwà, kéèkì rẹ̀ á le bí òkúta. Ìwé Fannie Farmer ti 1896 ní Boston, ife tí a tẹ́ lẹ́nu dáadáa ló gbé lárugẹ. Tábìlì tó so ife mọ́ pọ́n-ùn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n Galen ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú.

Ẹ wo ife Amẹ́ríkà, tó jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 237. Omi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 237, ṣúgà 200, oyin bíi 340. Fùláwà jẹ́ 120 bó bá jẹ́ ṣíbí la fi bù ú sínú ife, tí a wá fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ lẹ́nu. Ẹ ti ife kan náà bọ inú àpò fùláwà, ẹ fà á yọ, ẹ tẹ́ ẹ lẹ́nu: 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sikéèlì oníbátìrì ti mú iṣẹ́ yìí rọrùn, tábìlì sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ife Ọsirélíà jẹ́ mílílítà 250, ti Jàpáànù 200, ọ̀pọ̀ tábìlì náà kì í sì í sọ ife ilẹ̀ wo ni wọ́n fi ṣírò.