Ibi Tí Enter Tó Ń Ṣẹ́kù Nínú Ètò C Ti Ṣẹ̀ Wá

Kò sí ọmọ tó ń kọ́ C, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní UNIOSUN tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà l'Ókè-Fíà, tí kò ní bá wàhálà yìí pàdé. Ètò bi í ní ọjọ́ orí, ó tẹ 20, ó tẹ Enter. Ó yẹ kí ètò tún béèrè bóyá ọkùnrin ni (M) tàbí obìnrin (F) kó sì dúró gba èsì, àmọ́ kò dúró. Enter àkọ́kọ́ ló ti gbé mì. Wọ́n á ní scanf, àṣẹ C tó ń gba ohun tí a tẹ̀, ló fà á. Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí wọ́n tó bí C rárá.

Ní 1874 ni Émile Baudot, ará Faransé, gba ẹ̀tọ́ sórí ọ̀nà tó fi ń ta lẹ́tà látorí wáyà. Ní 1901, Donald Murray, ọmọ New Zealand, tún un ṣe fún ẹ̀rọ oníbọ́tìnì, ó sì fi àmì méjì kún un: ọ̀kan ń dá ẹ̀rọ padà síbẹ̀rẹ̀ ìlà, èkejì ń sún bébà sókè. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n lóyún wàhálà wa, torí òpin ìlà ti di lẹ́tà bíi A àti B, òun náà ń gba orí wáyà lọ. Ẹni tó bá ti rí àwọn táípíìsì tó máa ń jókòó nítòsí kóòtù rí mọ̀ pé agogo á dún, wọ́n á fọwọ́ ti ẹ̀rọ padà, ó parí. Kò sí àmì kankan tó ń kù sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, orí bébà Teletype, ẹ̀rọ atẹ̀wé orí wáyà, ni ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, ohun tó bá sì ti dé orí bébà kò ṣe é pa rẹ́. Ni Unix bá ń mú ìlà dání ná: ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ á tẹ # láti yọ lẹ́tà kan, tàbí @ láti da gbogbo ìlà nù. Ó di ìgbà tó bá tẹ bọ́tìnì tí à ń pè ní Enter lónìí kí ìlà tó wọlé, tòun ti àmì òpin rẹ̀, nọ́ńbà 10. scanf tí Mike Lesk kọ, tó di ara Unix ní Version 7 ní 1979, jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni: %d, tó ń wá nọ́ńbà, kó nọ́ńbà, ó fi 10 sílẹ̀, %c, tó ń gba lẹ́tà kan ṣoṣo, tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gbé e.

Àwọn kan á ní fflush(stdin), tí wọ́n rò pé ó ń da ohun tó kù nù, ni oògùn rẹ̀. Òfin C ti 1989 kò sọ ohun tó máa ṣe. Microsoft gbà á láàyè, wọ́n sì yọ ọ́ ní 2015. Ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ti àwa ọmọ Òròkí ni ká fi getchar, tó ń gba lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gbọ́n ọn dànù ('\n' ni àmì 10 yẹn, EOF sì ni àmì pé kò sí ohun tó kù láti kà):

while ((c = getchar()) != '\n' && c != EOF);

Ẹlòmíràn á fi àlàfo kan ṣáájú %c, tàbí kó fi fgets gba odindi ìlà kó tó fi sscanf yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn náà dára. Àmọ́ nínú ti getchar, ẹ kọ c ní int, ẹ má kọ ọ́ ní char, kí EOF má baà ṣìnà.