Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkòròdú

Akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí àwọn ọmọ orí pápá ń pè ní kóòṣì, ni ẹni tó ń kọ́ agbábọ́ọ̀lù, tó ń yan àwọn 11 tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré, tí wọ́n sì ń bi léèrè bí èsì ò bá dáa. Ìpele-ìpele ni kóòṣì ń gba ìwé àṣẹ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, láti D dé C, B àti A.

Ní Ìkòròdú, kóòṣì àdúgbò ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, tí ìyìn rẹ̀ sì kéré jù. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbé àpò bọ́ọ̀lù kọ́ èjìká, fèrè ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi páńpù fẹ́ èyí tó ti rọ̀. Òun ló ń bẹ òbí kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ, òun ló sì ń fura mọ èyí tí kò tíì jẹun nínú wọn. Ọmọ ọdún 10 tó ń kọ́ lónìí lè pé 20 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn, ẹgbẹ́ mìíràn ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀. Iye gólù ọjọ́ Sátidé kò lè wọn irú iṣẹ́ yìí. Bí ọmọ ṣe ń tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tó ń gbójú sókè kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkejì, ibẹ̀ ló yẹ ká wò.

Ti ẹgbẹ́ tó ń sanwó oṣù yàtọ̀. Ikorodu City gòkè sí líìgì àgbà Nàìjíríà, NPFL, ní 2024. Ẹgbẹ́ 20 ló wà níbẹ̀, wọ́n ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ẹni tó bá borí gba pọ́ìntì mẹ́ta, ọ̀mì jẹ́ ẹyọ kan, àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn á sì já wálẹ̀. Ilé ni wọ́n ti ń retí kí kóòṣì kó pọ́ìntì jọ, ṣùgbọ́n pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan ni ẹgbẹ́ yìí ti ń gbàlejò, ọ̀sà ló sì là á láàárín pẹ̀lú Ìkòròdú. Nínú líìgì Nàìjíríà, bí èsì bá burú léraléra, àwọn aláṣẹ a máa fún kóòṣì ní gbèdéke ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bíi mẹ́ta pé kó wá nǹkan ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ.

Èsì rere pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà gba kóòṣì sílẹ̀. Shuaibu Amodu ló mú Super Eagles yege fún ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 2002 àti 2010, ó sì gba ipò kẹta nínú ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n yọ ọ́ kí ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀. Adegboye Onigbinde ló kó ikọ̀ náà lọ ní 2002, Lars Lagerbäck ní 2010. Pọ́ìntì ẹyọ kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí mú bọ̀.